Ìgbà Mẹ́rin Ni Wọ́n Ní Kí Màmá Tẹ̀ka

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìkìrun ni ìyá mi ń gbé, gààrí ni wọ́n ń yan tà. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀ka kékeré wá sí àdúgbò wọn, ó ní òun fẹ́ bá àwọn àgbàlagbà so láìnì wọn mọ́ NIN. Ó ní kí màmá tẹ̀ka, ó ní kò wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó tó ní ó ti bọ́ sí i. Ó fún wọn ní ọṣẹ ìfọṣọ kan àti páálí súgà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọlọ́pàá pè wá pé láìnì kan tó wà lórúkọ màmá ni wọ́n fi lu ẹnìkan ní jìbìtì. Bẹ́ẹ̀ ìyá mi ò ní ju láìnì kan ṣoṣo lọ. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n lè jí ìka èèyàn? Bí wọ́n bá sì ti jí i, ṣé a lè pààrọ̀ rẹ̀ bí a ṣe ń pààrọ̀ píìnì ATM?" Ìyá Ìbejì, Òṣogbo.

Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí Màmá o, ẹ ní mo ní wọ́n kú ewu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín, ibi kan náà ni ojú mi ń padà sí: ẹ̀ẹ̀mẹrin yẹn.

Ó lè jẹ́ pé ìka Màmá ló kọ̀ lóòótọ́. Ẹni tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ láti ìgbà èwe, tó ń fi ọwọ́ kan agbada gbígbóná lójoojúmọ́ ayé, ìlà ọwọ́ rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Mo ti rí ìka aláró àti ti bíríkìlà tó dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ gan-an ló ti wọlé, tí ọmọkùnrin yẹn kàn ń ní "kò gbà á, Màmá, ẹ tún un tẹ̀," tó sì jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí Màmá bá tẹ̀ ẹ́, láìnì tuntun kan ló ń ṣí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, láìnì mẹ́rin. Iṣẹ́ yìí ti wọ́pọ̀ débi pé ó ti ní ọjà tirẹ̀. Síìmù tí wọ́n ti fi orúkọ ẹlòmíràn sí kí ẹni tó rà á tó rà á, àwọn oníjìbìtì ló ń wá a kiri, torí bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà ìyá oníyangààrí kan ni ọlọ́pàá máa kàn. Ọṣẹ àti súgà yẹn, owó ọjà ni.

Èmi ò sí níbẹ̀, n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ èwo ló ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì. Àmọ́ ọ̀nà wà tí ẹ fi lè mọ̀, màá sọ ọ́ nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ohun tí ẹ bi mí.

Nígbà tí Màmá gbé àtàǹpàkò lé gíláàsì yẹn, ẹ̀rọ náà ò rí Màmá. Ìlà ló rí. Ó ń wá ibi tí ìlà kan ti dópin lójijì, àti ibi tí ìlà kan ti ya ẹ̀ka bí igi. Ó kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, ó kọ ìhà tó kọjú sí, gbogbo rẹ̀ wá di òǹkà gbọọrọ. Bí wọ́n bá tún tẹ̀ka lọ́jọ́ mìíràn, á tún ka ìlà, á wá fi tòní wé tàná. Méjèèjì ò lè bára mu gẹ́lẹ́ láé: òógùn lè wà lọ́wọ́, ekuru lè wà lójú gíláàsì, àtàǹpàkò lè yẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, "ṣé ó jọ ọ́ tó?" ni ìbéèrè tí ẹ̀rọ ń dáhùn, kò fìgbà kan béèrè pé "ṣé òun ni?" Ta ló wá sọ iye tó tó? Èèyàn bíi tiwa ni, ẹni tó ṣètò ẹ̀rọ náà. Bó bá le ìwọ̀n náà koko, àwọn bíi Màmá á dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé tiwọn. Bó bá dẹ̀ ẹ́, àlejò á bá wọn wọlé. Àwọn àgbà ti ní ìka ò dọ́gba, wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rọ ń bọ̀ wá fi ọ̀rọ̀ náà ṣe iṣẹ́ ṣe.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ìka ni pé kò sí àṣírí kankan nínú rẹ̀. Inú orí yín ni píìnì ATM wà. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìka ńkọ́? Gbogbo ibi tí a fọwọ́ kàn la ń fi í sílẹ̀ sí. Ní 2002, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Japan kan, Tsutomu Matsumoto ti Yunifásítì Yokohama, fi jẹ́látìn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe súwíìtì tó ń nà, ṣe ayédèrú ìka, púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tó dán an wò ló sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ní Jámánì, ní 2008, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Chaos Computer Club mú ìtẹ̀ka mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé wọn, Wolfgang Schäuble, láti ara ife omi tó fi mumi, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn wọn kí gbogbo ayé rí i, torí mínísítà náà wà lára àwọn tó ń ti ètò fífi ìtẹ̀ka sínú ìwé ìrìnnà lẹ́yìn. Ní 2014, Jan Krissler, ọmọ ẹgbẹ́ náà, ò tiẹ̀ wulẹ̀ wá ife kiri. Fọ́tò tí wọ́n ya mínísítà ètò ààbò, Ursula von der Leyen, níbi ìpàdé oníròyìn ló fi yọ ìlà àtàǹpàkò rẹ̀.

Ẹ wá ka iye ife tí Màmá gbé mu lọ́dún kan, níbi ìkómọ àti ìsìnkú.

Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni o, wọ́n lè mú ìka èèyàn. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ẹni tó mú un ò ní gba tiyín lọ́wọ́ yín. Ìka yín á ṣì wà níbẹ̀, ẹ ó máa fi jẹ iyán, ẹ ò ní mọ̀ pé èkejì rẹ̀ wà níta.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò tíì bá olè tó ń yọ́ rọ́bà ṣe ìka pàdé lọ́dọ̀ tiwa. Kí ló fẹ́ fìyẹn ṣe nígbà tí ọ̀nà tó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ wà? Ẹ jẹ́ ká gba Íńdíà lọ, torí àwọn ló ní èyí tó tóbi jù láyé nínú irú ètò yìí, ohun tó ń ṣe wá báyìí sì ti ṣe wọ́n kọjá.

Aadhaar ni wọ́n ń pe tiwọn. Ọdún 2009 ni wọ́n dá àjọ tó ń bójú tó o sílẹ̀, UIDAI. Nọ́ńbà kan tó jẹ́ òǹkà 12 ni ẹnìkọ̀ọ̀kan ń gbà, wọ́n á gba ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹyinjú méjèèjì àti ojú. Ó ti lé ní bílíọ̀nù kan èèyàn tó wà nínú rẹ̀. Ní 2017, UIDAI fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá pé ìtẹ̀ka ẹnìkan ṣoṣo ti kọjá lórí ẹ̀rọ wọn nígbà 397 láàárín Oṣù Keje 2016 sí Oṣù Kejì 2017, lọ́nà tó fi hàn pé ìtẹ̀ka náà ti wà nípamọ́ sínú kọ̀ǹpútà kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rán an lọ bí ẹni rán fọ́tò lórí WhatsApp. Kò sí rọ́bà, kò sí jẹ́látìn. Ẹni náà tẹ̀ka lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà bá a tẹ ìyókù.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọmọkùnrin tó wá sí Ìkìrun. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé àwọn yẹn ò tiẹ̀ nílò kí màmá kankan tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ọ̀nà tí UIDAI gbà dí ihò yẹn dára, mo sì máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹ̀rọ ìtẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ tirẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà, inú ẹ̀rọ yẹn fúnra rẹ̀ ni wọ́n á sì ti dì í ní àdìpa kó tó jáde bọ́ sínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ẹ́jẹ́ǹtì. Bí ẹ́jẹ́ǹtì bá jí i kó, ọ̀rọ̀ dídì ló máa jí, kò ní wúlò fún un lẹ́ẹ̀kejì.

Olè ò torí ìyẹn padà sílé. Ní 2018, wọ́n mú ẹnìkan tó ń ta síìmù ní ìpínlẹ̀ Telangana. Ìwé ilẹ̀ ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí aráàlú lè rí i wò. Ní ojú ewé kan náà ni nọ́ńbà Aadhaar ẹni tó nilẹ̀ wà, tòun ti àtàǹpàkò tó tẹ̀ síbẹ̀. Ọkùnrin yìí tẹ̀ wọ́n jáde, ó fi rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe sítáńbù ṣe ìka, ó sì fi wọ́n ṣí ẹgbẹẹgbẹ̀rún láìnì. Ẹ mọ ohun tó ní òun ń wá? Wọ́n ní iye síìmù tó gbọ́dọ̀ tà lóṣù, kò sì rí oníbàárà tó. Mo dúró díẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. A máa ń rò pé ọ̀daràn ńlá kan ló wà lẹ́yìn irú nǹkan báyìí. Ẹni tó ní iye tó gbọ́dọ̀ tà ni. Bí ẹ bá wádìí ọmọkùnrin tiyín, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá nǹkan tó jọ ọ́: wọ́n ń sanwó fún un lórí síìmù kọ̀ọ̀kan tó bá ṣí, kò sí ẹni tó ń béèrè bó ṣe ṣí i.

Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ò wá síìmù mọ́, owó ni wọ́n ń wá. Ní àwọn abúlé Íńdíà, èèyàn lè gba owó lọ́wọ́ ẹ́jẹ́ǹtì bíi ti POS tiwa láìní káàdì, láìní píìnì: nọ́ńbà Aadhaar, orúkọ báńkì, àtàǹpàkò, ó tán. Ẹ̀yin náà ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìka tí a ń fi sílẹ̀ síbi gbogbo di ohun kan ṣoṣo tó ń ṣọ́ owó. Àwọn olè tún padà sídìí ìwé ilẹ̀. Ní 2023, UIDAI fi ohun tuntun kún un, ẹ̀rọ ò kàn ní máa wo ibi tí ìlà ti parí mọ́, yóò tún wo àwòrán ìka náà pé ṣé ẹran ara ni tàbí rọ́bà. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ohun tí wọ́n ṣe ni pé ẹni tó ni Aadhaar lè ti ìtẹ̀ka rẹ̀ pa fúnra rẹ̀. Bó bá ti tì í, ìka gidi pàápàá, tòun ti ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀, kò ní ṣílẹ̀kùn, àfi bí olówó rẹ̀ bá ṣí i.

Ọ̀kan ṣì kù nípa Íńdíà kí n tó padà wálé. Ní Oṣù Kìíní 2018, akọ̀ròyìn kan ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn The Tribune san 500 rúpì fún ẹnìkan tó bá pàdé lórí WhatsApp. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n fún un ní orúkọ àti pásíwọ̀ọ̀dù tó lè fi wo orúkọ, àdírẹ́sì, fọ́tò àti nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni tó bá ti ní nọ́ńbà Aadhaar rẹ̀. Kò sẹ́ni tó já àgádágodo kankan. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ti fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ́jẹ́ǹtì abúlé ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni, tí ẹnìkan sì ń ta kọ́kọ́rọ́. UIDAI dáhùn pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìtẹ̀ka aráàlú nínú àká àwọn.

Ẹ jẹ́ ká wálé wàyí. Òfin tó dá NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, sílẹ̀ ti wà láti 2007, BVN bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kejì 2014, ṣùgbọ́n ohun tó yí gbogbo nǹkan padà ni àṣẹ Oṣù Kejìlá 2020 pé láìnì tí kò bá so mọ́ NIN, wọ́n á tì í. Ẹ rántí ìgbà yẹn. Kòrónà wà níta, ìjọba ní ká má kóra jọ, èrò sì ń tò láti aago mẹ́rin àárọ̀ níwájú ọ́fíìsì NIN. Wọ́n wá ẹ́jẹ́ǹtì kún ẹ́jẹ́ǹtì. Kí 2023 tó parí, ó ti lé ní mílíọ̀nù 100 èèyàn tó ní NIN. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ èèyàn tí wọ́n kó wọ inú iṣẹ́ náà pọ̀ ju èèyàn tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ náà lọ.

Mo bá ibì kan ṣiṣẹ́ rí tí wọ́n ti ń forúkọ èèyàn sílẹ̀. N kò ní dárúkọ wọn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo rí pásíwọ̀ọ̀dù ọ̀gá wọn tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí bébà, tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó lè rí i. Àwọn mẹ́ta ló ń fi orúkọ ẹnìkan ṣiṣẹ́. Ìyẹn ò tíì yà mí lẹ́nu tó ti bàbá àgbàlagbà kan tó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìka bàbá ò wọlé rárá. Ọmọ tó jókòó tì í ò fẹ́ kí wọ́n padà wá, torí wọ́n ti jìnnà wá. Ó bá fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dípò tiwọn. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ṣàánú bàbá. Bàbá súre fún un títí. Ẹ wo ohun tó ṣe: láti ọjọ́ yẹn lọ, nínú àká orílẹ̀-èdè yìí, ọwọ́ ọmọ yẹn ni ọwọ́ bàbá. Bàbá ò ní lè fi ìka tirẹ̀ jẹ́rìí ara rẹ̀ láéláé, àfi kí wọ́n tún un ṣe. Ọmọ yẹn lè fi tirẹ̀ jẹ́rìí bàbá nígbàkígbà tó bá wù ú. Àánú ló pè é, mo sì gbà pé àánú ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n ra ní owó gọbọi níbẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Ní Oṣù Kẹfà 2024, àjọ Paradigm Initiative kígbe síta pé ìkànnì kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta ìwé NIN, BVN àti irú rẹ̀ mìíràn ní 100 náírà fún ọ̀kan. Ọgọ́rùn-ún náírà, tí kò tó ra búrẹ́dì. NIMC dáhùn pé kò sẹ́ni tó já àká àwọn. Àwọn èèyàn bú wọn nígbà náà pé irọ́ ni. Èmi gbà wọ́n gbọ́, ìyẹn gan-an ló ń dá mi níjì. Bí kò bá sẹ́ni tó já àká tí iṣu sì ń jáde, á jẹ́ pé àwọn tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ló ń tà á. Báńkì, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù, gbogbo wọn ló ní àyè láti béèrè lọ́wọ́ àká pé "ta ló ni nọ́ńbà yìí?" Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbé àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ẹni yẹn náà gbé e fún ẹlòmíràn, kò ní pẹ́ di ìkànnì ọlọ́gọ́rùn-ún náírà. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ẹ fi gbogbo ibi tí ẹ̀yin fúnra yín ti já ẹ̀dà NIN yín sílẹ̀ kún un. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ìbejì, onílé, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde, tí fáìlì rẹ̀ ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà wọn pẹ̀lú orúkọ yín gàdàgbà. Nọ́ńbà 11 tí èèyàn tó pọ̀ tó báyìí mọ̀, orúkọ ni. Bí a bá ń lò ó bí orúkọ, kò séwu. Ìgbà tí ẹnìkan bá ní "ẹ ka NIN yín fún mi kí n mọ̀ pé ẹ̀yin ni" ni wàhálà dé, torí ó ń fi orúkọ ṣe ẹ̀rí.

Ẹ wá bi mí bóyá a lè pààrọ̀ rẹ̀. Kí n sọ ti Ẹ́stóníà fún yín, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù níbi tí wọ́n ti ń fi káàdì ìdánimọ̀ dìbò láti ilé. Wọ́n ò fi nọ́ńbà ẹni ṣe àṣírí níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ àṣírí ni kọ́kọ́rọ́ kan tó wà nínú ṣíìpù káàdì, tí píìnì ń ṣọ́. Ní 2017, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Masaryk ní orílẹ̀-èdè Czech rí i pé ọ̀nà tí ṣíìpù náà ń gbà ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ ní àléébù, ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tó lágbára tó lè ṣírò rẹ̀ jáde. Káàdì bí 750,000 ló kàn. Ìjọba dá àwọn ẹ̀rí orí káàdì náà dúró ní Oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n sì ní kí aráàlú jókòó sílé, kí wọ́n fi íntánẹ́ẹ̀tì gba kọ́kọ́rọ́ tuntun, tàbí kí wọ́n lọ sí ọ́fíìsì. Wàhálà ni, ìlà gùn ní àwọn ọ́fíìsì kan. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó parí sí. Wọ́n ju ti àtijọ́ nù, wọ́n mú tuntun.

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 2015, ó hàn síta pé àwọn olè ti wọ inú àká ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn, OPM, wọ́n kó ìtẹ̀ka èèyàn mílíọ̀nù 5.6. Níbo ni àwọn yẹn ti fẹ́ gba ìka tuntun?

Ìdáhùn mi rèé, Ìyá Ìbejì: a ò lè pààrọ̀ ìka Màmá. Ohun tí a lè pààrọ̀ ni iye ilẹ̀kùn tí ìka yẹn àti NIN yẹn lè dá ṣí. Iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ yìí nìyẹn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ má jẹ́ kí Màmá dá lọ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn kọ sítétímẹ́ńtì pé àwọn "yá ẹnìkan ní láìnì." Kí wọ́n sọ bó ṣe rí: ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ọmọkùnrin náà, ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ọṣẹ àti súgà. Bí lọ́yà bá wà nínú ẹbí tàbí nínú ìjọ yín, kó bá yín lọ. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ bi Màmá ní ìbéèrè kan: ṣé ó ya wọ́n ní fọ́tò? Tó bá jẹ́ síìmù ló ń ṣí, ó gbọ́dọ̀ yà wọ́n, torí ìforúkọsílẹ̀ síìmù ń gba ojú.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú Màmá lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tó ni láìnì tí ọlọ́pàá dárúkọ. Ọ́fíìsì wọn gan-an o, ẹ má lọ bá àwọn tó wà lábẹ́ agboòrùn. Ẹ ní kí wọ́n sọ iye láìnì tó wà lórí NIN Màmá, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe tiwọn, ẹ fẹ́ kí wọ́n yọ wọ́n. Kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín, kí ọjọ́ sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀nà tí mo ní ẹ lè fi mọ òótọ́ wà níbẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ láìnì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́, wákàtí, fọ́tò, àti ẹ́jẹ́ǹtì tó ṣe é. Wọn ò ní fi gbogbo rẹ̀ hàn yín, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá lè kọ̀wé béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá rí láìnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ́jẹ́ǹtì kan náà ṣí, tí ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà láàárín wọn, tí Màmá wé gèlè kan náà nínú gbogbo fọ́tò, tí ilé ìyangààrí wà lẹ́yìn wọn, ẹ̀rí ńlá nìyẹn pé Màmá ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn ló kù. Bí ilé iṣẹ́ náà bá ń fi òní dónìí fi ọ̀la dọ́la, ẹ pe 622, NCC ni, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, ọ̀fẹ́ ni ìpè náà. Láti Oṣù Kẹfà 2023 ni òfin ààbò ìwífún ti wà ní Nàìjíríà, ìtẹ̀ka sì wà lára ohun tí òfin náà kà sí ẹlẹgẹ́, ẹ tún lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí NDPC, àjọ tó ń ṣọ́ òfin náà, ní Àbújá. Ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀sùn tí ẹ kọ, ìwé tó wà nílẹ̀ ni.

Báńkì Màmá ńkọ́? Láìnì tó ń gba OTP wọn, ìyẹn òǹkà ìgbà kan ṣoṣo tí báńkì ń fi ránṣẹ́, ni kí ẹ ṣọ́ ju ìka lọ. Bí wọn kì í bá fi fóònù fi owó ránṣẹ́, ẹ ní kí báńkì ti USSD wọn pa, kí wọ́n sì dín iye tó lè jáde lójúmọ́ kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo fóònù ńlá, ìtẹ̀ka tí ẹ fi ń ṣí fóònù yín ò jọ èyí tí mò ń sọ láti òkè. Inú fóònù náà ni ó ń gbé, kì í lọ sí àká ẹnikẹ́ni. Ẹ máa lò ó, ewu rẹ̀ kéré.

Ní ti NIN, NIMC gbé èyí tí wọ́n ń pè ní vNIN jáde ní 2022: lẹ́tà àti òǹkà 16 tí ẹ ń fún ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo dípò NIN gan-an, tó sì ń kú lẹ́yìn wákàtí 72. Íńdíà náà ní irú rẹ̀ fún Aadhaar, ó sì dára. Nǹkan tó bà á jẹ́ ni pé ẹ lè dé ọ́fíìsì pẹ̀lú rẹ̀ kí akọ̀wé wò yín bí ẹni tó fún un ní owó ilẹ̀ òkèèrè, kó ní "ìwé NIN yín la fẹ́." Áàpù NINAuth tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ń jẹ́ kí ẹ rí ẹni tó ń béèrè, kí ẹ gbà tàbí kí ẹ kọ̀. Ẹ gbé e sórí fóònù tiyín, kí ẹ máa bá Màmá wò ó. Níbi tí wọ́n bá ti ní ẹ̀dà ìwé làwọn ń gbà, ẹ fi báírò kọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà àti ọjọ́ gba àárín ìwé náà kọjá. Kò dí olè lọ́wọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá jáde síta lọ́la, ẹ ó mọ ibi tó ti jáde.

Ó ku ti ìka tó ń kọ̀, torí wọ́n á tún pè wọ́n fún ìtẹ̀ka dandan. Ọ́fíìsì ni kí wọ́n lọ, ní àárọ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan agbada. Kí wọ́n fi òrí díẹ̀ pa ọwọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí ìka tó gbẹ jù ni ẹ̀rọ ò fẹ́ràn, kí wọ́n sì nu òróró tó bá kù lójú ìka kúrò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn nígbà NIN, wọn ò gbọ́dọ̀ fi dandan lé e pé àtàǹpàkò ọ̀tún ni. Kí wọ́n lo ọwọ́ òsì, ìka tó wà láàárín tàbí ìfábẹ̀lá, àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ kan iná. Bí ìyẹn bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ̀yin tí ẹ bá wọn lọ ní kí ẹni tó di ẹ̀rọ mú yí ojú rẹ̀ sọ́dọ̀ yín, kí ẹ ka ohun tó kọ síbẹ̀ kí Màmá tó gbé ọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kẹta.